Kóró kòkó ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń fín oògùn sí i ńkọ́?

Bí àpò kòkó kan bá gbéra láti Ìdànrè lónìí, ojú tó máa wò ó lọ́nà kò kéré. Ẹni tó máa rà á lóko á ki ọwọ́ bọ inú àpò, á fi ọ̀bẹ la kóró bíi mélòó kan láti mọ̀ bóyá ó ti bu. Àwọn tó ń ra ọjà ní Àkúrẹ́ á tún wọ̀n ọ́n, wọ́n á tún wò ó bóyá ó gbẹ. Tó bá dé èbúté, àyẹ̀wò tún ń bẹ níbẹ̀. Tó bá wá gúnlẹ̀ sí Yúróòpù, wọ́n lè bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti wo iye oògùn apakòkòrò tó ṣẹ́kù sára rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni òfin tó sọ ìwọ̀n yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè àjọ EU. Tó bá fi díẹ̀ lé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lè kọ ẹrù náà.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹni tó fín oògùn náà. Èyí tó ṣẹ́kù sára kóró, kínún báyìí ni. Ibo lèyí tó kù gbà? Ó gba ẹ̀yìn ọkùnrin tó gbé pọ́ǹpù kọ́, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó gba imú rẹ̀ wọlé. Ta ló yẹ òun wò? Inú ìwé wo ni wọ́n kọ tiẹ̀ sí?

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ká sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ tó léwu, èyí tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀tà, níbi tí èéfín ti ń rú jáde lókè. Ní Ìdànrè, inú oko ni ilé iṣẹ́ wa wà. Kò ní géètì, kò ní mànéjà, kò sì ní pátákó tí wọ́n kọ “Ẹ ṣọ́ra, ewu ń bẹ” sí. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà ń bẹ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ṣàìsàn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi tó ẹnikẹ́ni létí.

Owó kòkó ló rán èmi níwèé, kí n tètè sọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù ní Èkó àti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ ò mọ̀. Àwọn àlejò máa ń wá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lórí òkè Ìdànrè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Instagram. Òkè náà rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ igbó kòkó tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni ìlú fi ń jẹun.

Tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, àrùn kan máa ń mú èso kòkó. Á kọ́kọ́ ní àmì dúdú, kó tó pẹ́, gbogbo èso á ti dúdú, á jẹrà lórí igi. Oògùn tó ní kọ́pà nínú ni wọ́n fi ń gbógun tì í. Kòkòrò kékeré kan tún wà tó ń fa omi ara igi àti èso mu. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn bàbá wa àgbà ṣe mọ Gamalin 20. Lindane ni orúkọ májèlé tó wà nínú Gamalin yẹn. Lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn májèlé tí wọ́n fẹ́ kó kúrò láyé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé oko, ẹ ó gbọ́ tí àwọn àgbà ṣì ń pe oògùn kòkó èyíkéyìí ní Gamalin, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo, tí a ń pe gbogbo núdù ní Indomie. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Tí nọ́ọ̀sì bá wá bi yín pé, “Oògùn wo ló fín?” tí ẹ dáhùn pé “Gamalin,” irú ìtọ́jú wo ni kó wá ṣe?

Ẹni tí kò fín kòkó rí lè má mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Igi kòkó ga. Òkè ni wọ́n ń kọjú ẹnu pọ́ǹpù sí, ohun tó bá sì lọ sókè, orí ẹni tó fín in ló máa bọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ló ń jò, omi oògùn á máa ṣàn láti ẹ̀yìn lọ sí ìdí. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tún le jù, torí ó máa ń sọ oògùn di ìkùukùu, igbó á sì ṣú. Ooru inú oko ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wọ aṣọ rọ́bà fún wákàtí méjì. Ẹni tó bá gbìyànjú á fi ańkáṣíìfù di imú. Ańkáṣíìfù yẹn á rin gbingbin fún oògùn, ó wá di pé májèlé gan-an ló so mọ́ imú. Ẹni tí kò di nǹkan kan mọ́ imú lè má fi bẹ́ẹ̀ burú jù ú lọ.

Orí á máa fọ́ ọ. Òòyì á máa kọ́ ọ. Pẹ̀lú àwọn oògùn kan, itọ́ á máa dà, òógùn á bò ó, ojú á máa ṣe bàìbàì, ara á máa gbọ̀n, yóò sì bì. Ẹ wo gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kí ló jọ? Ibà ló jọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń sọnù gan-an nìyẹn.

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, lóko ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, bọ̀dá kan tó ń ṣe lébìrà níbẹ̀ fín oògùn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ kó já gaara. Ìyá kan sáré bu epo pupa wá pé kó mu ún. Ẹlòmíì ní ká wá mílíìkì. Ọ̀kadà gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lábúlé, ìyẹn fún un ní oògùn ibà, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn. Nígbà tó jáde lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí i pé, “O kú ewu o, ṣé ara ti le?” Ó dáhùn pé, “A dúpẹ́, Bàbá. Ibà lásán ni.” Ó gbé pọ́ǹpù, ó di ọwọ́ oko. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ìgò oògùn náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í ṣe ìkà èèyàn o. Òun náà ti fín kòkó fún ogún ọdún, bó ṣe rò pé iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ó lè gba ẹ̀mí là. Irú májèlé bíi lindane máa ń yòrò nínú ọ̀rá. Epo àti mílíìkì lè jẹ́ kó túbọ̀ yára wọ inú ara ni. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n gbé onítọ̀hún kúrò níbẹ̀, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó fi fín oògùn, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má fi ipá mú un bì, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò oògùn náà. Ìgò yẹn ṣe pàtàkì, torí lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ni dókítà máa kà.

Kí wá ló dé tí lébìrà kì í fi í sọ̀rọ̀? Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Ìdànrè. Láti ilẹ̀ Ebira, Akwa Ibom, títí dé Kùtọnu ni wọ́n ti ń wá. Ẹni tó gba oko ṣe lọ́dún kan, tí wọ́n máa tó san owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ta kòkó tán, kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé ara òun ò le. Tó bá sọ ọ́, ẹlòmíì á gba iṣẹ́ náà. Àwa náà sì ní ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń pa irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́: olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni í mọ. Mo gbà pé òfófó ò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé “afẹ́fẹ́ tí mò ń fà símú níbí ń pa mí,” òfófó ta ló ń ṣe?

Ẹ wo òfin náà. Factories Act sọ pé tí iṣẹ́ kan bá ń mú èéfín tàbí eruku tó léwu jáde, kí agbanisíṣẹ́ ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ má baà fà á símú. Ó tún sọ pé tí ìjàǹbá bá pa òṣìṣẹ́, tàbí tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kí wọ́n fi tó ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò ilé iṣẹ́ létí. (Ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ rántí bọ̀dá yẹn.) Òfin náà dára, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó mọ: ilé iṣẹ́. Oko kò sí nínú ohun tó ní lọ́kàn.

Òfin kejì, Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, gbòòrò jù ú lọ. Ó kan òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn ràn, sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Kí ọ̀gá náà fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Kí ẹni tó fẹ́ gba owó ìtanràn béèrè fún un kí ọdún kan tó pé. Owó tí wọ́n fi ń san án, àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń dá a, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn. Ó tún kù: láti 1994 ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ ILO, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 155, tó sọ pé ẹni tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ torí ewu ńlá tó fojú ara rẹ̀ rí, wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àgbẹ̀ kòkó mélòó lẹ mọ̀ tó ń san owó fún NSITF? Lébìrà mélòó ló ní ìwé pé wọ́n gbà á síṣẹ́? Ẹni tí wọ́n bá ní kó bá wọn tọ́jú oko kí wọ́n jọ pín èrè, ṣé òṣìṣẹ́ ni àbí alájọṣe? Agbẹjọ́rò lè fi oṣù mẹ́fà jiyàn lórí ìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti gbé pọ́ǹpù sẹ́yìn lóko oníkòkó, òṣìṣẹ́ ni. Ojúṣe ìjọba àpapọ̀ ni láti ṣe òfin tó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, torí owó tó ń ti ara kòkó wọlé kì í ṣe kékeré.

Inú oko nìkan kọ́ ni ewu wà. Ẹ wo sítọ́ọ̀ kòkó. Kí kòkòrò má baà jẹ kóró, wọ́n máa ń fi oògùn oníhóró kan síbẹ̀ tó ní aluminium phosphide nínú. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, á tú gáàsì jáde. Gáàsì yẹn lè rùn bí ááyù tàbí ẹja tó ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ti pọ̀ débi tó lè pani kí imú tó gbọ́ òórùn kankan. Kò ní oògùn tó ń pa agbára rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ tó sì ń sùn sí yàrá tó fẹ̀gbẹ́ kàn án, ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún un pé wọ́n fi oògùn sínú àpò lálẹ́ yìí? Nínú ilé gbígbé pàápàá, àwọn ìdílé ti kú ní Nàìjíríà torí pé wọ́n fi irú oògùn yìí pa ìdun tàbí eku.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. “Ẹ má ba ọjà kòkó wa jẹ́ o. Tí òyìnbó bá gbọ́ pé májèlé ń pa àwọn èèyàn lóko Ìdànrè, wọn ò ní rà á mọ́.” Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ìparí ọdún 2024, owó kòkó lágbàáyé kọjá 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan kó tó já wálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀wà. Lọ́dún 2015, EU ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà torí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀, oògùn kan náà tó wà nínú Sniper. Ẹnikẹ́ni ò lọ fẹjọ́ wa sùn o. Yàrá àyẹ̀wò wọn ló rí i. Àwọn tó ń po oògùn náà mọ́ ẹ̀wà nínú sítọ́ọ̀ ti ń fà á símú kí ẹ̀wà náà tó rékọjá òkun. Ká ní ẹnì kan ti kọ àìsàn tiwọn sílẹ̀ ni, à bá ti gbọ́ kí òyìnbó tó sọ fún wa. Nígbà tó di 2019 ni NAFDAC ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n yé ta ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà gbangba.

Òfin EU tuntun ti ọdún 2023 lórí pípa igbó run tún ti dé. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà gan-an, torí náà wọ́n ti ń fi fóònù ya ààlà oko. Wọ́n á mọ igi, wọ́n á mọ ilẹ̀. Òfin yẹn sì mẹ́nu kan títẹ̀lé òfin òṣìṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá. Bí fóònù bá lè ya ààlà oko, ó lè ya lébẹ́ẹ̀lì ìgò oògùn pẹ̀lú.

Kò sí irọ́ níbẹ̀ pé lẹ́tà lè ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí kẹ́míkà láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà yẹn. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n kó o sí ń gba nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù. Ta ló tú àṣírí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, wọ́n sì kọ lẹ́tà sílé. Ọmọdé bíi tiyín ni wọ́n, kò sí WhatsApp nígbà náà. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba ti ṣe òfin tó sọ kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọ̀lú di ọ̀ràn ńlá, wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá kó májèlé náà padà sínú ọkọ̀ ojú omi, kẹ́míkà jó lára wọn, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn. Tiwọn ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí.

Àmọ́ tí ẹni tó kọ bá kọ, tí ẹni tó yẹ kó kà á ò kà á ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó wà ní Bhopal, ní Íńdíà, oògùn apakòkòrò ló ń ṣe. Gáàsì pa òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ nípẹ̀kun ọdún 1981. Láti 1982 ni oníròyìn kan, Rajkumar Keswani, ti ń kọ ọ́ pé ewu ń bọ̀. Wọn ò dá a lóhùn. Lóru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá 1984, gáàsì tú jáde, ó sì pa èèyàn tó ju 2,000 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sílé ní àsìkò ọdún, tàbí tí ẹ ní bàbá àti ẹ̀gbọ́n lóko, mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ wò ó bóyá ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Tó bá jẹ́ paraquat, wọ́n ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024. Tó bá jẹ́ atrazine, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2025. Ẹni tó ṣì ń tà á, ohun tó yẹ kí ẹ fi sùn NAFDAC ni, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Tí ẹnì kan bá ṣàìsàn lẹ́yìn tó fín oògùn, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ kọ aago, orúkọ oògùn, iye wákàtí tó fi fín in, ohun tó ń ṣe é, àti àwọn mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ ọ̀rọ̀ oògùn náà sínú káàdì rẹ̀, kó má ṣe kọ “ibà” nìkan. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí ẹ tọ́jú èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún kó tó di pé ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ má sì gbé ojú rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ẹ bá sọ di ìran wíwò lórí TikTok, tí ó sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò ga. Kí ìbùdó ìlera kọ̀ọ̀kan, ní Odòde, ní Aládé, àti ní àwọn abúlé oko, ní ìwé kan tí wọ́n á máa kọ orúkọ oògùn kòkó àti ìṣe àìsàn sí, nígbàkigbà tí lébìrà bá wọlé tí orí ń fọ́ ọ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń fín kòkó. Kí wọ́n máa kó iye rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lóṣooṣù. Owó gbogbo ìwé yẹn pọ̀, kò tó owó àpò kòkó kan.